Ajá Tó Họ Ilẹ̀kùn Wa

"Màmá, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ ọ," ni Látúndé, tó ń tọ́jú àwọn ajá aláìnílé, wí. "Òfin ni. Ẹnikẹ́ni kì í dúró gbọ́ ọ."

Mo ní mi ò ní jókòó. Mo ní ajá ni mo wá mú, n kò wá gbọ́ ìtàn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa àpótí kan sẹ́yìn mi, ó sì dúró bí ẹni tí ilẹ̀ ò ní ṣú mọ́. Èmi ni ilẹ̀ ń ṣú lọ bá. Iná tó wà lókè ilẹ̀kùn ilé wa ti pọ́n láti àárọ̀. Ó di ọjọ́ keje tí Bánidélé, ajá wa, ti kú síbi ẹsẹ̀ ibùsùn ọkọ mi, ìlú Òkè-Ìrókò kì í sì í fún ilé kankan ju ọjọ́ méje lọ láìní ajá. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí tí ajá mìíràn kò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, wọn á fi amọ̀ dí ilé náà pa, wọn á sì kó wa lọ sí Ilé Àkópọ̀ ní òdìkejì òkè. Èmi tí mo ní ẹsẹ̀, wọn á fún mi ní ẹní kan. Ọkọ mi, Baba Jọláadé, tí kò lè dìde fúnra rẹ̀, Yàrá Ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ yàrá yẹn, n kò tíì gbọ́ orúkọ ẹnì kan tó jáde níbẹ̀ tó tún jẹ iyán nílé ara rẹ̀.

Mo jókòó.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ilé àwọn ajá náà tẹ́lẹ̀. Èmi gan-an kàwé níbẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì pọ̀ ju ajá lọ. Pátákó ìkọ̀wé ṣì wà lára ògiri, ẹnì kan ti kọ iye ajá tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan sí i. Ajá mẹ́rìnlá ni mo ti wò kí a tó dé ọ̀dọ̀ èyí. Gbogbo wọn ló wò mí bí ìyá ìyàwó ṣe ń wo àna tó pẹ́ dé, wọ́n sì gbé orí wọn padà sórí ẹsẹ̀. Èyí nìkan ló dìde. Ó rìn wá síbi irin, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ọ́. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kò gbó.

"Ó mọ̀ yín," ni Látúndé wí.

"Ajá ò mọ̀ mí."

"Ó ti pé ọdún méjì tó ti wà níbí, kò họ irin fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ti ń rò ó pé èékánná rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́." Ó tẹ̀ síwájú láti ka ohun tó wà lára ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. "Orúkọ rẹ̀ ni—"

"Mo mọ orúkọ rẹ̀," mo wí.

Ìdajì etí òsì rẹ̀ kò sí. Ilẹ̀kùn irin ọgbà wa ló gé e, nígbà tó ṣì kéré.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú; bí kò bá sì nídìí, ajá kì í jẹ́ Tanífẹ́ni. Ṣẹ̀gilọlá ni aládùúgbò wa. Ògiri kan ló là wá, ọ̀ṣọ̀rọ̀ kan ló dà wá pọ̀. Nígbà tí odò Ìsàlẹ̀-Kòtò ti di májèlé, omi orí òrùlé nìkan ló kù tí ènìyàn lè mu, ibi tí òrùlé wa àti tirẹ̀ ti pàdé ni omi ti ń dà jù. Ó ní tòun ni. Mo ní tèmi ni. Ọjọ́ tí mo fi símẹ́ǹtì dí ojú ọ̀ṣọ̀rọ̀ náà níhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ṣẹ̀gi kò bú mi. Ó wọṣọ, ó lọ sí ìlú kejì, ó gbé ọmọ ajá kan bọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Tanífẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgbèríko, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bú aládùúgbò rẹ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n kó òun lọ sílé baálẹ̀, ajá ló máa ń sọ lórúkọ. A kì í bá ẹni tó ń pe ajá rẹ̀ jà. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, lábẹ́ fèrèsé mi ló ti ń pè é. "Tanífẹ́ni, wá jẹun. Tanífẹ́ni, ta ló lé ọ? Dá wọn lóhùn, Tanífẹ́ni." Èmi náà a gbé ìkòkò, ma fi lálẹ̀ gbàà, kó lè mọ̀ pé mo gbọ́. Ọdún mẹ́fà la fi ṣe é. Ó pe ajá, mo fi ìkòkò lálẹ̀. Baba Jọláadé a máa rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn rẹ̀, a ní àwa méjèèjì ń kí ara wa kú ìrọ̀lẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Àlejò dé.

A kì í dárúkọ rẹ̀. Inú kòtò tí wọ́n ti wa òkúta funfun nígbà ayé àwọn bàbá wa ló ti ń jáde, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n wa á tán, wọ́n lọ, kòtò kù fún wa. Ohun tó ń tinú rẹ̀ jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn fún imú ènìyàn. Ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́. Nígbà tó bá fi dé orúnkún ẹni tó dúró, ó ti bo ẹni tó sùn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èyí ò lójú rárá, síbẹ̀ kì í ṣì ilé.

Nígbà yẹn, ẹ̀rọ tó wà lórí òpó ni ìlú gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò ké bí ó bá ń bọ̀. Ẹ̀rọ kò ké. Ọ̀sán gangan ni, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbọ́ ohùn Ṣẹ̀gi níta: "Tanífẹ́ni. Tanífẹ́ni, lọ." Kò pẹ́, nǹkan ń họ ilẹ̀kùn wa, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo ní, obìnrin yìí kò dúró dìrọ̀lẹ́ mọ́, ó ti kọ́ ajá kó máa wá gbé èébú kalẹ̀ fún mi nílé. Mo dìde, mo pa fèrèsé dé, mo fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Mo ká ògbólógbòó ìró kan, mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí ohùn rẹ̀ má baà wọlé, mo sì gbé rédíò sókè. Baba Jọláadé ń wí nǹkan. Mi ò dá a lóhùn.

Nígbà tí rédíò dákẹ́, Ṣẹ̀gi ti kú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá ló kú ládùúgbò wa. Àlejò ọjọ́ náà kò dúró pẹ́, ìdí nìyẹn tí fèrèsé àti ìró fi lè dá a dúró. Ìwọ̀nba tó yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn ló mú ojú ọkọ mi lọ, nítorí pé ibùsùn rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀. Ìlú wá ń yìn mí. Wọ́n ní ẹ wo obìnrin tó gbọ́n ju ẹ̀rọ, tó dí ilé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n fi orúkọ mi kọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n ṣòfin ajá, nítorí imú ajá ń gbọ́ òórùn Àlejò kó tó dé. Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè ìdí tí mo fi pa fèrèsé, èmi náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Látúndé bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́rùn ajá, ó fi sínú àwo kékeré kan. Gbogbo ẹran ọ̀sìn ló ń wọ irú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn tipẹ́tipẹ́ nítorí olè. Ohun tó bá dún lágbègbè ẹran náà ni ìlẹ̀kẹ̀ ń gbé pamọ́. Òfin sì sọ pé ẹni tó bá máa mú ajá aláìnílé gbọ́dọ̀ gbọ́ wákàtí tó lò kẹ́yìn nílé rẹ̀ àtijọ́, kó lè mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Àwo náà wúkọ́. Ohùn Ṣẹ̀gi ni. Mo dì mọ́ àpótí.

"Tanífẹ́ni. Wò mí. Má jókòó tì mí. Lọ sílé kejì, lọ họ ilẹ̀kùn Ìyá Jọláadé títí wọn á fi dìde. Baba ò lè rìn. Ó máa pẹ́ kí wọ́n tó gbé e." Ó wúkọ́ títí. Ajá náà ń sunkún bí ajá ṣe ń sunkún, ohùn Ṣẹ̀gi sì ń súnmọ́ ọn. "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Tanífẹ́ni, lọ."

Ẹsẹ̀ ajá ń sáré. Lẹ́yìn náà, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohùn obìnrin kan sì jáde láti ẹ̀yìn igi ilẹ̀kùn, ó jìnnà, ó mú: "Ẹ wá gbọ́ o, ó ti rán ajá níléèwé èébú." Fèrèsé dún gbà. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Lábẹ́ orin náà, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi, bó ṣe rí nígbà tó ṣì ní ojú: "Ìyá Jọláadé, ṣílẹ̀kùn. Ìyá Jọláadé, ajá yẹn ń sọ nǹkan."

Ajá náà kò kúrò. Orin mẹ́ta ni rédíò kọ, ó ń họ. Nígbà tó yá, ìyẹn náà dákẹ́.

Látúndé ń wo ilẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ mọ àwọn tó wà nínú ilé yẹn?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n," mo wí.

Ó mú ìgò kékeré kan jáde, èyí tí ó ní ẹ̀kán Àlejò kan nínú, ó gbé e sí ọ̀nà jíjìn ó sì ṣí i. Ó ń wo aago. Ajá náà jókòó. Ó jókòó pẹ́ kó tó gbé imú sókè kó sì gbó ẹ̀ẹ̀kan.

"Ìṣẹ́jú méjì ló kù kó dé ọ̀dọ̀ yín kó tó gbó," ni Látúndé wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Ìta ló wà lọ́jọ́ náà, imú rẹ̀ jóná. Gbogbo ajá ibí ló ti bá Àlejò pàdé, èyí tó sàn jù nínú wọn kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó tó fún ẹni tó lẹ́sẹ̀. Ta ló wà pẹ̀lú yín nílé?"

"Ọkọ mi. Orí ibùsùn ló wà. Okùn ni mo fi ń fà á lọ sórí àjà."

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Nígbà tí apá mi ṣì lágbára, mẹ́jọ. Ní báyìí, mọ́kànlá."

Ó ti ìgò náà pa, ó tún un tì.

"Ṣówándé ọlọ́sìn ajá ńkọ́?" mo bi í. "Mo gbọ́ pé ajá tirẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ajá ọ̀ọ́dúnrún ni omi ìlú yìí lè bọ́, Màmá, ó sì ti pé. Ajá tí wọ́n kó wá láti Òkè-Ẹ̀bá lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n fún ní àyè Bánidélé yín. Bí ọ̀kan bá wọlé láti ọ̀dọ̀ Ṣówándé, ọ̀kan á jáde níbí. Èyí tó bá pẹ́ jù ló ń jáde."

"Ó ń jáde lọ síbo?"

"Wọ́n ní kí a máa sọ pé oko ló lọ."

"Èwo ló pẹ́ jù?"

Ó da ìlẹ̀kẹ̀ náà padà sọ́rùn ajá, ó rọra fi irun bò ó bí ìyá tó ń tún ọrùn aṣọ ọmọ ṣe. "Ẹ ti mọ̀, Màmá," ó wí.

Nígbà tí mo délé, Baba Jọláadé ti ń dojú kọ ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ojú funfun méjèèjì là sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí lẹ́tà.

"Ṣé o rí ajá?"

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, àyàfi ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ sọ. Nígbà tí mo dárúkọ ajá náà, ó gbé ọwọ́ sókè kí n dúró.

"Ajá Ṣẹ̀gi ṣì wà láàyè?"

"Ó wà."

"Mú un wá."

"Baba Jọláadé, ẹ gbọ́ mi. Ìṣẹ́jú méjì."

"Mo gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú méjì tó fún ẹ láti gun àkàbà. Máa gùn ún."

"Kí n fi yín sílẹ̀ nísàlẹ̀?"

"Nísàlẹ̀ kọ́ ni mo wà? Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ ọ́ pé kí o lọ mú ajá yẹn, o lọ gba Bánidélé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mi ò bínú. Bánidélé ṣe ajá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ lára ilẹ̀kùn yìí. Afọ́jú ò ní iṣẹ́ méjì, Ìyá Jọláadé; etí ló kù tó fi ń jẹun. Ilẹ̀kùn kan la jẹ ajá yẹn ní gbèsè. Lọ ṣí i fún un."

"Bí mo bá mú tọ̀dọ̀ Ṣówándé wá ńkọ́?"

"Má mú un dé ọ̀dọ̀ mi. Jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí yàrá wọn."

Ó sọ ọ́ láìgbóhùn sókè, bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ tó. Mo fi omi sí ẹnu rẹ̀, mo nu àgbọ̀n rẹ̀, mo sì jáde.

Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì lábẹ́ òpó ẹ̀rọ àtijọ́, mo dúró. Apá òsì lọ sí iléèwé àwọn ajá. Apá ọ̀tún gun òkè lọ sílé Ṣówándé. Oòrùn ti ń tẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọn ò sọ ohun tí ẹni méjèèjì máa ń ṣe bó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni wọ́n. Mo mọ ohun tó tọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí mi sọ pé obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó tọ́ ń họ irin lápá òsì. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ mi ni mo fi ra èébú tí mi ò fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ kìíní, mi ò lè fi èémí rẹ̀ kún un. Mo rò ó pé bí Àlejò bá dé, ma máa fa okùn, ma máa ka ìṣẹ́jú, ma máa wo ojú funfun yẹn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ dípò kó gòkè. Ẹsẹ̀ mi yà sí ọ̀tún. Mi ò rán an.

"Ẹ má fọwọ́ kan dígí, Màmá," ni Ṣówándé fi kí mi káàbọ̀. "Àwọn ìyá wọn ń sùn."

Ọkùnrin kúkúrú tó ń rẹ́rìn-ín ni, ó wọ aṣọ funfun, bàtà rẹ̀ kò ní eruku. Lẹ́yìn dígí, àwọn abo ajá tò gbọọrọ lórí pẹpẹ, ọpọ́n omi kọ̀ọ̀kan lókè orí wọn, rọ́bà tín-ínrín ń wọnú wọn. Wọn ò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí. Ikùn wọn ń lọ sókè sódò.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń jí?" mo bi í.

"Kí ni wọ́n fẹ́ jí ṣe? Màmá, ohun tó ń ba imú ajá jẹ́ ni ayé. Ẹ̀rù, ìfẹ́, ìjà, egungun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àwọn ajá mi ò mọ ọ̀kan nínú ẹ̀. Òórùn kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀." Ó ṣí ilẹ̀kùn kan. Ajá pupa kan jáde wá, ara rẹ̀ ń dán, etí rẹ̀ méjèèjì nà ṣánṣán. Ó rìn wá síwájú mi, ó dúró. "Ó ti tó ọmọ ọdún kan. Ogójì ìṣẹ́jú. Bó bá dín ní ogójì, ẹ dá a padà."

Mo na ọwọ́ sí i. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni wo òkúta.

"Kì í jùrù?"

"Ìrù ò gbóòórùn, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. A ti ń gbé ayé débi pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ohun tó gbà ni omi orí òrùlé wa fún ọdún méjì. Ó ní àwọn ọmọọṣẹ́ òun á wá fa rọ́bà láti ibi ọ̀ṣọ̀rọ̀.

"Mo rí i nínú ìwé pé òrùlé méjì ló ń dà síbẹ̀," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ ni méjèèjì?"

"Kò sẹ́ni tó ń bá mi du ìkejì mọ́," mo wí. "Ẹ máa gbé e lọ."

Ó gbé pẹpẹ dígí kékeré kan wá kí n tẹ àtàǹpàkò sí i. Dígí náà béèrè orúkọ ajá. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé mi láti orí òkè yẹn: iná pupa, ògiri kan, fèrèsé kan tí mo pa dé. Afọ́jú kan ń dúró de ajá kan níbẹ̀, ajá mìíràn kò sì gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Tanífẹ́ni," mo wí.

Ṣówándé pàtẹ́wọ́. "Háà, Màmá, ẹ̀yin ara ìgbèríko. Aládùúgbò wo lẹ fẹ́ fi bú?"

"Mi ò ní aládùúgbò mọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan, agogo kan dún ní òdìkejì àfonífojì, lọ́wọ́ ibi iléèwé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún. Ṣówándé gbé fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀, ó dé e padà, bí ẹni tó ti ṣe é tí kò mọ̀ mọ́ pé òun ń ṣe é.

"Ó ti pé ọ̀ọ́dúnrún padà," ó wí. "Ẹ rọra sọ̀ o, Màmá. Òkúta ń yọ̀ níbẹ̀ yẹn."

Mo rọra sọ̀. Ajá náà ń tẹ̀lé mi, kò dúró gbóòórùn koríko, kò gbé ẹsẹ̀ sókè sí igi kankan. Bí mo bá dúró, ó dúró. Mo dúró lẹ́ẹ̀mejì, mo ń tẹ́tí sílẹ̀ síhà iléèwé, bóyá ma gbọ́ nǹkan. Kò sí nǹkan tí mo gbọ́. Látúndé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo mọ̀ pé ó ti jókòó ti ajá Ṣẹ̀gi, mo mọ̀ pé ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Ìyẹn ni mo mú rìn délé.

Iná orí ilẹ̀kùn wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ajá náà, ó kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ ewé.

"Ṣé òun nìyẹn?" Baba Jọláadé ti ń gbìyànjú láti gbé èjìká kúrò lórí ìrọ̀rí.

"Òun ni."

"Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ pè." Ó fi ahọ́n ra ètè. "Tanífẹ́ni."

Ajá náà lọ bá a, nítorí orúkọ tí ìlẹ̀kẹ̀ gbà ni ajá Ṣówándé máa ń jẹ́. Ó dúró létí ibùsùn. Ọkọ mi na ọwọ́, ó bà á léjìká. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, ojú tí wọ́n sọ fún wa pé kò ní lè sunkún mọ́.

"Wọn ò bọ́ ọ dáadáa níbẹ̀," ó wí. "Wo bó ṣe fúyẹ́. Irun rẹ̀ nìkan ló dára. Pẹ̀lẹ́, ọmọ Ṣẹ̀gi. Pẹ̀lẹ́. A pẹ́ kí a tó ṣílẹ̀kùn." Ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè lọ sí ọrùn, ó kọjá ìlẹ̀kẹ̀, ó dé orí. "Kò jùrù sí mi, ìbínú ni. Ó lẹ́tọ̀ọ́. Ìyá Jọláadé, ṣé o rántí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn irin gé e, tí ìwọ fúnra rẹ gbé epo pupa jáde, tí o ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Ṣẹ̀gi pé ìwọ lo fi epo sí i?"

Mo ní mo rántí. Mo fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ọwọ́ náà dúró síbi tó dé.

Ó wá etí òsì. Àtàǹpàkò rẹ̀ gun ẹ̀bá etí náà láti ìsàlẹ̀, ó lọ, ó lọ, ó dé ṣóńṣó. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sí ọ̀tún, bóyá òun ló ṣì í. Ó dé ṣóńṣó ọ̀tún. Ó padà sí òsì, ó tún un gùn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé tó ti mọ ìparí rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó fi sábẹ́ aṣọ ìbora.

Ajá náà dúró sáàárín wa.

"O kú ìrìn," ó wí níkẹyìn, bí a ṣe ń kí ẹni tí a kò mọ̀ lójú ọ̀nà. Ó sì yí ojú sí ògiri, ògiri tó wà láàárín wa àti ilé Ṣẹ̀gi.

Òfin sọ pé kí oní-ajá dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, kó pe orúkọ ajá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀kùn lè gbọ́ ọ, ní ojoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí ajá náà bá wà láyé. Ṣówándé ní àwọn tirẹ̀ máa ń lo ọdún mẹ́rìnlá. Mo jáde. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Fèrèsé Ṣẹ̀gi wà lọ́ọ̀ọ́kán mi, koríko ti dí i dé ìdajì.

"Tanífẹ́ni," mo pè.

Ajá náà ti jókòó síbi ẹsẹ̀ mi, kò níbi tó ń lọ.

"Tanífẹ́ni."

Mo dúró díẹ̀, mo ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ni mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ohùn sókè jù bí òfin ṣe fẹ́, kó lè dé inú ilé yẹn. Kò sí ẹni tó fi ìkòkò lálẹ̀.